Ọ̀já Tó Gba Abẹ́ Báàgì Kọjá

Kọ́tìnì kan wà ní pálọ̀ wa tó ti pẹ́ ju ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó tí mo mọ̀ ní Agége lọ. Ilé ńlá kan ní GRA Ìkẹjà ló ti wá. Bàbá ọmọ mi ló ń wa mọ́tò fún mádàámù tó ni ilé náà nígbà yẹn, nígbà tí mádàámù sì fẹ́ pààrọ̀ gbogbo nǹkan pálọ̀ rẹ̀, ó ní kí dírẹ́bà òun kó àwọn kọ́tìnì àtijọ́ lọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀pà yíyan, ó nípọn, ó wúwo, ó sì gùn débi pé nígbà tí a ta á sójú fèrèsé wa, ńṣe ló ń wọ́lẹ̀ bí agbádá bàbá lọ́rùn ọmọ. Mo ṣẹ́ ẹ sókè, mo rán etí rẹ̀, mo sì fi ń yangàn. Àlejò tó bá wọlé á bi mí pé ọjà wo ni mo ti rà á. Mi ò parọ́, mi ò sì sọ òótọ́. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi rí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ̀ ní Èkìtì, tí ayọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ rọlẹ̀ tán, ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, báàgì tí màá fi kẹ́rù ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà lójú fèrèsé."

Ó wo fèrèsé, ó wò mí. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe báyìí sí mi."

Ó mọ̀ mí ni. Mo lágídí. Ìyá mi sọ ọ́ kí wọ́n tó kú, bàbá ọmọ mi ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, èmi náà ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agídí nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn báàgì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ojú wọn á máa dán bí awọ, àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti kọjá lórí wọn lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo ti ra irú ẹ̀ rí. Òun ni mo gbé lọ síbi ìsìnkú ìyá mi, nígbà tí mo sì tú ẹrù, gbogbo aṣọ mi ló ti ní èèpo dúdú lára. Nínú ẹkún náà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣì ráyè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ mi ò ní gbé irú ẹ̀ wọ Èkìtì, ìlú ìyá mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo mọ nǹkan rán. Ó kéré tán, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ní Ìlúpéjú ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa rán ẹnu àpò. Àpò á dé iwájú mi ní yíyanu, màá pa etí rẹ̀ pọ̀, màá ti maṣíìnì lé e, ẹnu á dé, ó di kó máa lọ. Òmíràn á tún dé. Bẹ́ẹ̀ la ó máa bá a lọ títí ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti ẹja gbígbẹ á fi bo ìpéǹpéjú wa. Tí mo bá ń bọ̀ nílé, ọmọ á gbọ́ òórùn mi kó tó rí mi. Mi ò kórìíra iṣẹ́ náà rárá. Òun ló bọ́ wa nígbà tí mádàámù GRA kó lọ sókè òkun, tí bàbá ọmọ mi sì jókòó sílé. Mo dúpẹ́ fún àpò kọ̀ọ̀kan tí mo pa lẹ́nu dé.

Ẹni tí mo tún gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni Àlájà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, aránṣọ ni wọ́n, yàrá àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ni wọ́n sì ń gbé láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà níyàwó. "Ìyàwó" náà ni wọ́n ṣì ń pè mí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti ń yọ lórí ìyàwó ọ̀hún. Nígbà tí mo bá ní iṣẹ́ ọ̀sán, ẹ̀yìn Àlájà ni ọmọ mi máa ń wà. Wọ́n á pọ̀n ọ́n, wọ́n á rọra jókòó sétí àga kí wọ́n má bàa tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì lọ. Ariwo maṣíìnì yẹn ló ń rẹ ọmọ náà sùn. Tí Àlájà bá ní ibi tí wọ́n ń lọ, obìnrin mìíràn nínú ilé á gbà á pọ̀n. Mo ti dé rí tí mo bá ọmọ mi lẹ́yìn obìnrin kan tí èmi àti ẹ̀ jà lórí omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Ó tú ọmọ fún mi, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìjà lọ̀tọ̀, ọmọ lọ̀tọ̀.

Ọ̀já kan náà ni gbogbo wọn fi ń pọ̀n ọ́n. Ìyá mi ló hun ún. Àwọn obìnrin Èkìtì ìgbà tiwọn ṣì ń hun kíjìpá nínú ilé, aṣọ tó ki, tí kì í tètè gbó. Ọ̀já náà dúdú bí aró, ó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ létí méjèèjì. Nígbà tí mo bímọ, wọ́n gbé e wá sí Agége pẹ̀lú ẹ̀lùbọ́ àti adìyẹ ààyè kan tó ń ké ní gbogbo ọ̀nà láti Èkìtì. Wọ́n tẹ́ ọ̀já sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fọwọ́ pa á ní títẹ́jú, wọ́n ní, "Èyí lo máa fi pọn gbogbo wọn."

Gbogbo wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo pọ̀n.

Mi ò ní í ka ibi tí mo dé àti ohun tí mo gbé mu. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan, wòlíì ní òun rí i. Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń ṣàánú mi. Tí wọ́n bá ń kó ọmọ tuntun jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan á kàn ṣáà fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi pé, "Ẹ̀yìn yìí á tún gbọ́mọ pọ̀n o." Àwọn mìíràn á ní ọ̀kan ṣoṣo àràbà, kì í ṣẹgbẹ́ ẹgbàágbèje òṣùnṣùn. Mo dá obìnrin kan lóhùn lọ́jọ́ kan pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó yọ̀ǹda ọ̀kan fún mi nínú òṣùnṣùn tiẹ̀, èmi á fara mọ́ ọn. Kò tún pa òwe fún mi mọ́.

Ìsàlẹ̀ àpótí mi ni ọ̀já wà, nínú káńfọ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, màá yọ ọ́ sá sóòrùn, màá sì ká a padà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ṣì ń retí ọmọ kì í fi ọ̀já rẹ̀ tọrẹ, kì í gé e, kì í sì í sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tán. Nǹkan oṣù mi ti ń yẹ̀ lọ, yẹ̀ bọ̀, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, síbẹ̀ èmi ò tíì sọ pé ó tán.

Mo já kọ́tìnì sílẹ̀, mo fọ̀ ọ́. Omi tó jáde lára rẹ̀ dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Nígbà tó gbẹ, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ìrọ̀rí lé e, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, mo fi díẹ̀ kún un. Ó ku aṣọ tí màá rán sí inú báàgì. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, àkísà tèmi sì kún àpótí. Mo yọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ewé kan tó ti fẹ́lẹ́ láàárín níbi tí a ń sùn lé, àmọ́ tí etí rẹ̀ ṣì le. Etí náà ni mo gé.

Àlájà ní kí n wá lo maṣíìnì àwọn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n kọ́ mi bí màá ṣe ṣe é: kí n yí inú aṣọ síta, kí n kọ́kọ́ rán síìpù mọ́ ẹnu rẹ̀, kí n tó pa ẹ̀gbẹ́ àti ìdí. Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ kírun ọ̀sán.

Mo jókòó sídìí maṣíìnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe iṣẹ́ kan fún ọdún gbọọrọ, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ní ọpọlọ tiẹ̀. Mo ní kí n kàn fi ẹ̀gbẹ́ kan dán ẹsẹ̀ wò ná. Maṣíìnì gbé mi, ó dùn mọ́ mi, ó dà bí ẹni pé mo ti padà sí Ìlúpéjú, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pariwo sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. Mo pa ẹ̀gbẹ́ kan, mo pa ìdí, mo pa ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ń kọrin jẹ́jẹ́, ọwọ́ mi ò sì dúró. Nígbà tí Àlájà padà dé, mo gbé iṣẹ́ mi sókè fún wọn bí ẹni tó gba ipò kìíní.

Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ìyàwó, ibo lẹrù máa gbà wọlé?"

Mo wò ó. Kò lẹ́nu. Mo ti rán ẹnu báàgì pa bí mo ṣe ń rán ti àpò oúnjẹ adìyẹ, pinpin, ìlà méjì. Síìpù wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n gbé e sí fún mi. Bàbá ọmọ mi, tó ń kọjá lọ sí bálùwẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kúkú kọ kílò sí i lára, ká gbé e fún àwọn tó ń sin adìyẹ." Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Títú ni a fi ọ̀sán ọjọ́ náà ṣe, èmi àti òun, pẹ̀lú bíléèdì méjì, a sì sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ò ní sọ ká ní mo rán an dáadáa. Ó bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí pé òun ń lọ. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí.

Lẹ́yìn tí a rán síìpù mọ́ ọn, ó ku ọwọ́ tí wọ́n máa fi gbé e. Mo ti gé kọ́tìnì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún un. Àlájà mú ọ̀kan, wọ́n fà á wò.

"Oòrùn ti jẹ eléyìí. Ara tó kọjú sí fèrèsé ni. Nǹkan tó ki, tó sì gùn lo nílò. Ọ̀já ìjọ́sí dà?"

Mo ní, "Ẹ fi ọ̀já yẹn sílẹ̀, Àlájà."

Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Mo ṣẹ́ kọ́tìnì po, mo rán an le, mo fà á títí apá fi ro mí. Mo ní ẹ ò rí i, ó lágbára.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ọmọ mi kó ẹrù sínú báàgì. Ó kó ìwé, ó kó bàtà funfun, ó kó gààrí àti ìkòkò kékeré kan. Ó wú, ó lẹ́wà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀pà bó ṣe pọ́n ní ilé olówó. Ó gbé e kọ́ èjìká. Kò tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn tí mo fi gbọ́ ọ, fààà. Ọwọ́ báàgì já láti ìdí, báàgì balẹ̀, gààrí sì fọ́n ká gbogbo pálọ̀.

Ká ní ó bínú ni, ǹ bá bá a bínú, ara ǹ bá sì fúyẹ́. Kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá gààrí jọ, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Màá kó o sínú àpò gáná-mọ́sì-gò. Ẹ ti gbìyànjú." Ọmọ mi ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ẹni ń rẹ ọmọdé. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí àpótí náà, mo sì sunkún.

Àlájà tẹ̀lé mi wọlé. Wọn ò kan ilẹ̀kùn, wọn kì í kàn án. Wọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó, ta ló ní kí o gé ọ̀já?"

Mo ní, "Báwo ni màá ṣe fi ṣe ọwọ́ báàgì tí mi ò bá gé e?"

"Nígbà tí mo ń pọn ọmọ yìí, ṣé apá ẹ̀ ni mo ń so ọ̀já mọ́? Ìdí ọmọ lọ̀já ń gbà. Ẹni tó bá so ọwọ́ báàgì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan, ó fi apá so ọmọ rọ̀ nìyẹn. Jẹ́ kó gba abẹ́ báàgì kọjá lódindi, kó gun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí orí ẹ̀ pàdé lókè. A ó rán an mọ́ ọn lára ni. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ ẹ, tú u."

Kì í ṣe báàgì ló wà lọ́kàn mi, àwọn náà sì mọ̀. Mo bi wọ́n ní ohun tí mi ò bi ẹnikẹ́ni rí, mi ò bi dókítà, mi ò bi wòlíì. Mo ní, "Àlájà, ṣé ẹ rò pé màá tún fẹ́ ẹ?"

"Mi ò mọ̀, ìyàwó. Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun témi mọ̀ ni pé ọmọ tá a fi ọ̀já yìí pọ̀n ń lọ lọ́la, báàgì ẹ̀ ò sì lọ́wọ́."

Nínú gbogbo ọdún yẹn, àwọn nìkan ni wọn ò gbàdúrà fún mi, tí wọn ò sì pa òwe fún mi. Mi ò lè sọ bí ìyẹn ṣe tù mí lára tó. Mo dìde kúrò lórí àpótí, mo ṣí i.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rán an. A ṣẹ́ ọ̀já po lóòró, Àlájà ń tẹ maṣíìnì, èmi ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ọmọ mi di ìdí báàgì mú kó má bàa yẹ̀. Kíjìpá náà ki débi pé abẹ́rẹ́ kan ṣẹ́. Bí a ṣe ń rán an ni mo ń sọ fún ọmọ mi ohun tí mi ò sọ fún un rí: ibi tí ọ̀já ti wá, ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, àti ìdí tí mo fi tọ́jú rẹ̀. Ó kàn gbé orí lé èjìká mi, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lára báàgì.

Ní gáréèjì lọ́jọ́ kejì, ó gbé báàgì kọ́ ara, ọ̀já dúdú náà gba àyà rẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìn. Ó fò sókè díẹ̀ láti fi hàn mí pé kò lè já. "Mọ́mì, kò tiẹ̀ dùn mí léjìká." Mọ́tò gbé e lọ. Nígbà tí mo padà sílé, fèrèsé wà ní ìhòòhò, oòrùn sì kún pálọ̀ dé abẹ́ àga. Mi ò mọ̀ rí pé ilé wa mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó lo báàgì náà lọ, ó lò ó bọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, ó dé fún ìsinmi, mo sì jáde lọ gbà á lẹ́rù. Okùn ọ̀rá ni mo rí lára báàgì, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi kànga.

Mi ò tiẹ̀ kí i káàbọ̀. Mo ní, "Ọ̀já mi dà?"

Ó kúnlẹ̀. Ó ní ní ọsibítù tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, obìnrin kan wá bímọ láti abà, òun nìkan, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ìró tó ró lọ. Àkọ́bí rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó gbé ọmọ lọ́wọ́ kan, ó gbé ẹrù lọ́wọ́ kejì, ó sì ń wo ọ̀nà tó jìn.

"Mo lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo tú u, Mọ́mì. Àlájà rán an le o, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ má bínú sí mi."

Mo jókòó sórí àga tó sún mọ́ mi jù. Mo dúró de ìbínú, kò wá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé ó tó pọn ọmọ?"

"Ó tó, Mọ́mì. A ò kúkú gé e. Èmi ni mo bá a pọ̀n ọ́n, torí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ náà ti sùn kí wọ́n tó dé ẹnu géètì."

"Kí lo wá sọ fún un?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Mo ní, 'Èyí lẹ máa fi pọn gbogbo wọn.'"

Mo fà á dìde nílẹ̀. Mo mú un lọ́wọ́ lọ sí yàrá ẹnu ọ̀nà, mo ní kí Àlájà pa maṣíìnì ná, kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọmọ wọn ṣe.